Ọ̀gá Rìbìtì Nínú Àwòrán Àwòyíká

Ọkùnrin kan wà tí kò lè rí ògiri tó ṣófo kó má gbé àwòrán ara rẹ̀ kọ́ ọ. Iṣẹ́ ìjọba ni ó ń ṣe, ní ọ́fíìsì tí ó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ inú ìlú, ipò rẹ̀ sì ni adelé ọ̀gá àgbà. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, adelé, nítorí òun ni eegun ẹja tó há a lọ́fun. Ọ̀gá àgbà ti tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní kí ọkùnrin yìí máa di ipò náà mú títí ìgbìmọ̀ alábòójútó yóò fi yan ojúlówó. Ó dì í mú lóòótọ́. Ó dì í mú débi pé èékánná rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú tìmùtìmù àga náà lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ọ̀gá Rìbìtì nítorí ikùn rẹ̀ tó yí rìbìtì bí ìkòkò omi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tínrín kan tí ọ̀wọ̀ ti tẹ ọrùn rẹ̀ kọdọrọ, a máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ̀yin òpó tó gbé ilé ró! Ẹ̀yin òrùlé tí kì í jò! Ẹ̀yin fèrèsé tí atẹ́gùn ń tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kó tó wọlé!"

Ọ̀gá Rìbìtì a dúró, a di ojú, a ronú díẹ̀, a ní, "O fo ilẹ̀kùn."

"Ẹ dárí jì mí sà. Ẹ̀yin ilẹ̀kùn!"

Ìgbà yẹn ni yóò tó wọlé.

Àwòrán rẹ̀ wà ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wà ní ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, níbi tó ti ń wo abọ́ oníkálukú bí ẹni tí wọn kò tíì bu tirẹ̀ fún. Ní ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọkùnrin, wọ́n yọ dígí kúrò lókè ẹ̀rọ omi, wọ́n fi àwòrán ọ̀gá sípò rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irun òun dúró dáadáa, irun ọ̀gá ni yóò yẹ̀ wò.

Nínú àwọn ilé tí ọ́fíìsì yìí ń tọ́jú, ọ̀kan wà tó ju gbogbo wọn lọ. Gbọ̀ngán ìpàdé àtijọ́ kan ni. Àwọn ayàwòrán ayé ijọ́un ti kun àjà rẹ̀ ní oríṣiríṣi ẹyẹ, ẹyẹ tó ń fò, ẹyẹ tó bà, ẹyẹ tó ń bá ẹyẹ jà. Ṣùgbọ́n pákó ilẹ̀ gbọ̀ngán náà ti gbó, kò lè gba èrò mọ́. Ìgbìmọ̀ wá pinnu pé kí wọ́n ya gbọ̀ngán náà ní àwòrán àwòyíká, kí ará ìlú máa fi awò-àdèmójú wò ó.

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ọ̀rọ̀ má baà fo ẹnikẹ́ni. Awò-àdèmójú ni awò ńlá kan tó ń bo ojú méjèèjì pátápátá, tí wọ́n ń fi okùn rẹ̀ dè mọ́ orí. Bí o bá ti dè é, o ò ní rí yàrá tí o wà mọ́, inú àwòrán ni wàá wà. Bí o bá yíjú sọ́tùn-ún, ọ̀tún gbọ̀ngán lo máa rí. Bí o bá gbójú sókè, àjà nìyẹn pẹ̀lú àwọn ẹyẹ rẹ̀. Bí o bá wolẹ̀, ilẹ̀ nìyẹn. Ibi tí o bá sì sún sí nínú yàrá rẹ, àwòrán náà á bá ọ sún, nítorí ojú rẹ ni ó dì mọ́. Ṣé ó yé wa báyìí? Ó dára.

Alága ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Rìbìtì pé ọjọ́ tí àwọn bá wá wo àwòrán náà ni àwọn yóò sọ bóyá òun ni ojúlówó ọ̀gá àgbà tàbí òun kọ́. Láti ọjọ́ yẹn, Ọ̀gá Rìbìtì kò sùn dáadáa mọ́. Bí ó bá sì sùn, àlá kan náà ni ó ń lá: ó wà lójú agbo, wọ́n ń pe orúkọ oyè rẹ̀, kò sì sí adelé níbẹ̀.

Wọ́n pe ayàwòrán kan, obìnrin tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ìyá Kámẹ́rà. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni àìsàn tirẹ̀. Bí ẹ̀rín bá ti gbé e, kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní àárín gbọ̀ngán, ó ń múra iṣẹ́, ni Ọ̀gá Rìbìtì bá dé pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀ láti wá ṣe àbójútó.

"Ṣàlàyé fún mi," ni ọ̀gá wí, "kí o sì ṣe é lọ́nà tí yóò fi yé akọ̀wé mi."

"Ẹ wò ó sà," ni Ìyá Kámẹ́rà wí. "Fèrèsé yẹn ń tàn yòò, àjà sì ṣókùnkùn. Bí mo bá ya èyí tó bá fèrèsé mu, àjà á dúdú bí èédú. Bí mo bá ya èyí tó bá àjà mu, fèrèsé á funfun báláú, kò ní sí nǹkan nínú ẹ̀. Torí náà, mo máa ya ibì kan náà lóríṣiríṣi, látorí èyí tó ṣú dé orí èyí tó mọ́lẹ̀, màá wá pa wọ́n pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ìmọ́lẹ̀ á gba tiẹ̀, òkùnkùn á gba tiẹ̀."

"Nínú gbogbo rẹ̀, ta ló mọ́lẹ̀ jù?"

"Oòrùn ni sà. Èyí tó ń gba ojú fèrèsé wọlé yìí."

"Àṣẹ ta ni ó fi wọlé?"

Ìyá Kámẹ́rà wo akọ̀wé. Akọ̀wé ti mú bíírò jáde. "Oòrùn," ni ó ń sọ jẹ́jẹ́ bí ó ti ń kọ ọ́ sátẹ́lẹ́wọ́, "kò gba àyè."

"Èmi ńkọ́?" ni Ọ̀gá Rìbìtì tún bèèrè. "Ibo ni mo wà nínú àwòrán náà?"

"Ẹ ò sí níbẹ̀ sà. Gbọ̀ngán la ń yà."

Akọ̀wé gbé ọwọ́ lé àyà. Bí àwọn ẹyẹ ara àjà bá lè sá, wọn ì bá ti fò gba fèrèsé jáde.

"Kò sí ibì kankan tó ṣófo níbẹ̀?" Ohùn ọ̀gá ti lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tí wọ́n ń fi ebi pa.

Ìyá Kámẹ́rà dáhùn láìfi ibi pè é. "Ibì kan ṣoṣo ló máa ń ṣófo sà, abẹ́ kámẹ́rà. Kámẹ́rà ń rí gbogbo àyíká, ṣùgbọ́n kò lè rí ibi tí òun fúnra ẹ̀ dúró sí. Ihò ló máa ń fi síbẹ̀. Àwa oníṣẹ́ a máa ń wá nǹkan lẹ̀ ẹ́, bóyá àmì ọ́fíìsì, bóyá àwòrán pákó ilẹ̀."

"Ó ṣófo?"

"Ó ṣófo sà."

"Ní àárín gbùngbùn?"

"Ní àárín gbùngbùn, ṣùgbọ́n—"

"Ojú mi ni kí o lẹ̀ mọ́ ọn."

"Sà, ìsàlẹ̀ ni o! Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹni tó bá ń wò ó máa—"

"Ìpìlẹ̀!" Akọ̀wé ti fò sókè. "Ìpìlẹ̀ ni ó ń sọ sà! Ó ní ẹ̀yin ni ìpìlẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀gá Rìbìtì lára. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Kí ló gbé ilé dúró? Ṣé òrùlé ni? Òrùlé kọ́! Ṣé ògiri ni? Ògiri ń fara ti nǹkan! Ìpìlẹ̀ ni, ìpìlẹ̀ tó ń ru gbogbo rẹ̀ tí kò sì ráhùn! Èmi tí mo ru ọ́fíìsì yìí, èmi tí mo ru ìlú yìí, èmi tí bí mo bá yẹ̀ báyìí—" ó yẹ̀ díẹ̀, pákó ilẹ̀ sì dún kẹ̀ẹ̀, "ẹ gbọ́ ọ fúnra yín!"

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́ títí ìka fi wú u. Gbólóhùn Ìyá Kámẹ́rà kú síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bá a dárò.

"Nǹkan kan kù," ni ọ̀gá wí. "Ojú mi ni kó mọ́lẹ̀ jù nínú àwòrán náà. Kó ju oòrùn lọ."

"Sà, dígí inú awò yẹn ò lágbára tó oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ tó lè mú jáde níwọ̀n. Ó dà bí ìgbà tí a bá ń pín omi garawa kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni. Bí a bá da gbogbo ẹ̀ sórí ẹnì kan, àwọn yòókù á gbẹ."

"Dà á sí mi lórí," ni Ọ̀gá Rìbìtì wí.

Ìyá Kámẹ́rà rò ó títí. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n já a lẹ́nu. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí ó da omi. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rín ti ń rìn ín ní ìhà. Ó ní, "Ó ti yé mi sà. Ẹ jókòó, kí n ya ojú yín. Bí mo ṣe ya gbọ̀ngán ni màá ṣe yà yín, lóríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀, kí n pa á pọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má mira, ẹ pa ẹnu dé."

"Èmi?" Kámẹ́rà dún: kàù. "Kí èmi pa ẹnu dé?" Kàù. "Ẹnu tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ́ ìlú yó?" Kàù.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà pa àwòrán wọ̀nyí pọ̀, iwájú orí jẹ́ ọ̀kan, imú jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹnu di mẹ́ta, ọ̀kan là gbàgà, ọ̀kan ṣù pọ̀, ọ̀kan fà gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n gbé awò-àdèmójú wá fún ọ̀gá kó wò ó wò. Ó kọ̀. "Ojú tí gbogbo ìlú ń fẹ́ rí ni kí n fi ike bò? Akọ̀wé, bá mi wò ó."

Akọ̀wé dè é mọ́ orí. Bí ó sì ti máa ń ṣe, ó tẹrí ba, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan mìíràn láì kọ́kọ́ tẹrí ba. Ẹni tó bá tẹrí ba nínú awò, ilẹ̀ ni yóò rí.

"Sà!" Ó ké. "Ojú yín nìkan ni mo rí! Ó tóbi ju ẹní lọ! Ó ń tàn! Kò sí nǹkan mìíràn láyé yìí!"

"Ẹnu mi ńkọ́?"

"Ó pọ̀, sà!"

Inú Ọ̀gá Rìbìtì dùn débi pé ó gbàgbé láti jẹun ọ̀sán.

Ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò, ń máàkì iṣẹ́ lórí tábìlì nígbà tó délé, tó ń ròyìn.

"Bàbá wọn," ni ó wí, kò gbé ojú kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀, "ibo gan-an ni ojú yín wà nínú àwòrán yìí?"

"Ní àárín gbùngbùn."

"Àárín òkè ni, àbí àárín ìsàlẹ̀?"

"Ìpìlẹ̀ ni."

"A jẹ́ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni."

"Ìyàwó, o ò mọ iṣẹ́ ìjọba."

"Mi ò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ilẹ̀." Ó fa ìlà pupa sábẹ́ nǹkan kan, ó ṣí ojú ìwé mìíràn.

Ọjọ́ ìwòran pé. Ìgbìmọ̀ kò lọ sí gbọ̀ngán, yàrá ìpàdé ọ́fíìsì ni wọ́n jókòó sí, ní ìsàlẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí àgbàlá. Alága ni ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí. Kò sí ohun tí ó kórìíra bí àìmọ̀wàáhù. Wọ́n ní kì í gbé ọmọ tuntun láì kọ́kọ́ kí i pé ó kú ewu ọ̀nà. Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, oníṣòwò pákó kan sì wà lósì, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yòókù.

Ọ̀gá Rìbìtì dìde. "Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì," ni ó bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin tí ẹ ní oríire láti máa mí atẹ́gùn kan náà pẹ̀lú mi lónìí! Àwọn mìíràn ń ya àwòrán. Èmi, mo jẹ́ kí àwòrán ya mí. Ohun tí ẹ fẹ́ rí yìí, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa wò ó, òun ni yóò wò yín! Ojú lọ̀rọ̀ wà!" Ó sọ̀rọ̀ títí oníṣòwò pákó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Níkẹyìn ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n de awò mọ́jú.

Wọ́n dè é.

"Ó jọ pé iná ti lọ," ni oníṣòwò pákó wí.

"Àwọn ẹyẹ dà?" ni Alága bèèrè. Ó gbójú sókè, ó ń wá àjà. "Òkùnkùn ni mo rí. Fèrèsé gan-an ṣú."

"Ẹ ní sùúrù, Màmá!" Ọ̀gá Rìbìtì ń pa ọwọ́ pọ̀. "Ìyàlẹ́nu ń bọ̀!"

"Ìmọ́lẹ̀ kan ń ti ìsàlẹ̀ wá," ni Adájọ́ wí.

Gbogbo wọn wolẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Yéè!" Alága fò sókè bí ọmọge. "Ẹnì kan ló sùn síbí!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà, mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ nímú o!"

"Ẹ kúrò lórí ẹ̀ nígbà náà!"

"Mo ti kúrò! Ó tún tẹ̀lé mi!"

"Ẹnu mẹ́ta ló ní! Ẹsẹ̀ mi wà nínú ọ̀kan!"

"Ẹ fò ó! Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ etí!"

Wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n ń gbé tòsì. Wọ́n ń fò sí iwájú, wọ́n ń fò padà. Wọ́n ń tẹrí ba, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń kọlu ara wọn. Adájọ́ gun àga, ó wolẹ̀, ó ké pé ojú náà ti bá òun gun àga. Alága, tí kò lè fi bàtà tẹ ojú ọmọ ènìyàn láéláé, bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, mò ń kọjá ni."

Ẹ má gbàgbé pé Ọ̀gá Rìbìtì kò de awò. Gbogbo ohun tí òun rí ni àwọn àgbàlagbà tó ń fò, tó ń tẹrí ba.

"Akọ̀wé," ni ó wí, omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀, "wọ́n ń jó."

"Wọ́n ń jó sà! Ẹ wo Màmá, wọ́n ti bọ́ bàtà! Wọ́n ní ilẹ̀ mímọ́ ni ibi tí ẹ wà!"

"Mo ti wọlé," ni Ọ̀gá Rìbìtì wí. "Adelé ti kú." Ó gbé agbádá sí èjìká, ó sì bọ́ sí àárín wọn, ó ń jó. Ó jó bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Ìyá Kámẹ́rà, tó ti fi ọwọ́ bo ẹnu láti ìbẹ̀rẹ̀, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín láìsí ohùn.

Alága ló kọ́kọ́ já awò kúrò lójú. Ohun tó rí níwájú rẹ̀ ni ojú kan náà, tó ń làágùn, tó ń jó.

"Ṣé ẹ̀yin ni?" ni ó bèèrè.

"Èmi ni, Màmá! Èmi náà ni!"

"Ẹ̀yin ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ látàárọ̀?"

Ijó dúró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn yòókù ń já awò, tí wọ́n ń wò ó, tí wọ́n sì ń wo bàtà wọn. Adájọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó gbọn ẹsẹ̀ rẹ̀ nù.

Alága wọ bàtà rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Kò pariwo. "Ọ̀gá, a rán yín pé kí ẹ fi gbọ̀ngán hàn wá. Ẹ kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, ẹ dà á sí ojú yín, ẹ fi àwọn ẹyẹ sínú òkùnkùn. Ìyẹn nìkan tó láti gba ipò lọ́wọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Wọ́n kọ́ mi láti kékeré pé a kì í da ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹni tó ń sùn, ká tó wá sọ pé ká tẹ̀ ẹ́ lójú. Ẹ ti jẹ́ kí odindi ìgbìmọ̀ tẹ̀ yín lójú. Bí a bá fi yín ṣe ọ̀gá àgbà, ojú wo ni a ó fi wo ojú tí a ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀?"

"Ẹ̀yin ènìyàn," ni Adájọ́ wí, "ṣé ẹnikẹ́ni wà tó lè wò ó?"

Kò sẹ́ni tó lè wò ó. Gbogbo wọn ń wo fèrèsé, pẹ̀lú ìtìjú àti ọ̀wọ̀.

"Ẹ máa lọ sílé, ọmọ mi," ni Alága wí. "Láti òní lọ, ẹ kì í ṣe ọ̀gá níbí, ẹ kì í sì í ṣe adelé."

Akọ̀wé ti dé iwájú Alága kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin òpó tó gbé ilé ró, Màmá! Ẹ̀yin òrùlé tí kì í—"

"Gbé ọrùn rẹ sókè jàre," ni Alága wí, "kó tó gan síbẹ̀."

"Irọ́ ni!" ni Ọ̀gá Rìbìtì ké. "Ọ̀tẹ̀ ni! Àwòrán mi dára! Ìpìlẹ̀ ni mí! Ẹ gbé awò yẹn wá, kí n fi ojú ara mi rí i!"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó de awò mọ́ orí. Ó wo iwájú, òkùnkùn. Ó wo ọ̀tún, òkùnkùn. "N kò rí ara mi," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Ẹ wolẹ̀ sà," ni Ìyá Kámẹ́rà sọ, pẹ̀lú àánú.

Ó wolẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọkùnrin yìí, kò tíì rí ènìyàn tó tóbi tó èyí rí, tó mọ́lẹ̀ tó èyí, tó sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Bàtà ara rẹ̀ sì ni ó wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá Rìbìtì, tí kì í yà fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, yà. "Ẹ dárí jì mí sà," ni ó wí, kò mọ ìgbà tó sọ ọ́. Ó sún sẹ́yìn. Ojú náà bá a sún. Ó fò sí ẹ̀gbẹ́, ojú náà fò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn kíákíá, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń gbé agbádá sókè kí ó má baà gbá ọ̀gá náà lójú. Ìyá Kámẹ́rà sáré gbé àga kúrò lọ́nà fún un. Adájọ́ ṣí ilẹ̀kùn, ó dì í mú fún un. Ọ̀gá Rìbìtì fò jáde sí àgbàlá, ó fò kọjá níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tó ti yọjú sí fèrèsé, ó fò, ó fò, títí ó fi dé ẹnu géètì. Aṣọ́nà dìde, ó kí i, ó ṣí géètì fún un gbayawu. Ọ̀gá Rìbìtì fò kan síta.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ni ó bèèrè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Jọ̀ọ́, bá mi wò ó. Ṣé mo ti kúrò lórí rẹ̀?"

Aṣọ́nà wo ilẹ̀ dáadáa. Ó wo ìlà tí géètì máa ń gbà kọjá.

"Ó kù díẹ̀ sà," ni ó wí. "Ẹ tún sún díẹ̀ sí i."

Ó sún díẹ̀ sí i. Aṣọ́nà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti géètì.